Kòkòrò Kọ́, Ẹlẹ́rìí Ni: Èrò Kan lórí Orúkọ Bakitéríà Tí Ń Fi Ipò Ilẹ̀ Hàn

1. Ìfáárà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mọ òwe yìí dáadáa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń sọ ọmọ lórúkọ láìwo ilé tí yóò gbé. Iṣẹ́ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń ṣe lọ́wọ́ ní òkè òkun tí yóò kan àgbẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń yí àbùdá bakitéríà padà kí ó lè máa fi hàn bóyá èròjà tí irúgbìn ń jẹ wà nínú ilẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Kí iṣẹ́ náà tó dé oko, orúkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé, lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn, àti lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ kúkúrú yìí ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sáré mú lò, èyíinì ni *kòkòrò*, *àtúnṣe* àti *òṣùwọ̀n*, yóò ṣi àgbẹ̀ lọ́nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. A ó sọ ìdí rẹ̀, a ó sì dábàá ohun tí a rò pé ó yẹ kí ó rọ́pò wọn.

2. Ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ

Bakitéríà jẹ́ ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì kan tí ojú lásán kò lè rí. Àìmọye wọn ni ó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan ṣoṣo. Púpọ̀ nínú wọn ni a dá ọgbọ́n mọ́ láti mọ ohun tí ó wà ní àyíká wọn, nítorí pé àwọn náà ń jẹun. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá wọ́n níbi tí bakitéríà kan wà, purotéènì kan lára rẹ̀ yóò mọ̀, yóò sì ta purotéènì kejì lólobó. Èkejì yìí ni yóò jí àwọn jíìnì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kiri. Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà fún náítíréètì pẹ̀lú, èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú irú náítírójìn tí gbòǹgbò lè fà mu.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé wọ́n so jíìnì mìíràn mọ́ ibi tí ìjíǹde yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí bakitéríà bá mọ èròjà náà lára, tàbí tí ó bá mọ̀ pé kò sí, jíìnì àsomọ́ náà yóò jí, yóò sì mú nǹkan jáde tí ènìyàn lè rí. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni purotéènì tí ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, tí Osamu Shimomura yọ jáde ní 1962 lára ẹ̀dá inú òkun kan tí ara rẹ̀ rí bí ẹ̀kọ tútù. Iṣẹ́ lórí purotéènì yìí ni ó mú kí òun, Martin Chalfie àti Roger Tsien gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Ní 2005, Kristen DeAngelis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n fi bakitéríà tí a ṣe báyìí mọ bí náítíréètì ti rí ní ẹ̀bá gbòǹgbò koríko.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe dígí, ìmọ́lẹ̀ kì í la inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Rice ní Houston ṣe tọ ọ̀nà mìíràn ní 2016. Bakitéríà tiwọn ń tú gáàsì jáde, gáàsì náà sì ń gba inú erùpẹ̀ bọ́ sí afẹ́fẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti lè mọ̀ ọ́n láìhú ilẹ̀ rárá. Ní 2025, àwọn onímọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ MIT tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bakitéríà tí ń ṣe irú àwọ̀ tí kámẹ́rà àkànṣe lè dá mọ̀ láti nǹkan bí 90 mítà.

Iṣẹ́ ìwádìí ni púpọ̀ nínú èyí ṣì jẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bakitéríà tí a yí àbùdá rẹ̀ padà kò tíì wọ oko. Láti 2019 ni ilé-iṣẹ́ Pivot Bio ti ń ta irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ àgbàdo ní Amẹ́ríkà, kí ó lè máa pèsè náítírójìn fún gbòǹgbò àgbàdo. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pèsè, kì í ṣe láti fi ipò ilẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀kan gbà wọ oko ni èkejì lè gbà.

3. Ìdí tí *kòkòrò* kò fi yẹ

Nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìpolongo ìlera, *kòkòrò àìfojúrí* tàbí *kòkòrò àrùn* ni a fi ń pe bakitéríà. A kò bá àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó wí. Wọ́n fẹ́ kí ènìyàn fọ ọwọ́, kí ó se omi kí ó tó mu ún, kí ó sì bo oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó lè dẹ́rù bani ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a ṣe fún ilé ìwòsàn ni a fẹ́ gbé lọ sí oko, oko sì ti ní kòkòrò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní oko, kòkòrò ni ohun tí ń jẹ ewé, tí ń lu èso, tí ń ba ẹ̀wà jẹ́ lórí igi àti nínú àká. Oògùn apakòkòrò ni a fi ń lé e. Bí òṣìṣẹ́ kan bá wá sọ fún àgbẹ̀ pé, "Bàbá, a mú kòkòrò kan wá tí ẹ ó dà sí ilẹ̀ yín," tí bàbá náà bá sì béèrè pé oògùn wo ni wọn yóò fi pa á, èdè ni bàbá náà gbọ́, kò ṣi í gbọ́. Ẹni tí ó yan ọ̀rọ̀ ni ó jẹ̀bi.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí. Ní 2019 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà SAMPEA 20-T, tí Ilé Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Samaru ní Zaria kópa nínú rẹ̀. Jíìnì tí a fi kún un wá láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ kan, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dènà kòkòrò tí ń lu èso ẹ̀wà. Kí ẹni tí ó gbà pé kòkòrò ni bakitéríà wá ṣàlàyé èyí fún wa ní Yorùbá. Ohun tí yóò sọ ni pé, a fi jíìnì kòkòrò sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Gbólóhùn náà kò ní àṣìṣe kankan ní ti gírámà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò fẹ́ jẹ ẹ̀wà náà.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo irú. Bakitéríà ni ó ń mú kí irú rà dáadáa kí ó sì ní òórùn àti adùn rẹ̀. Kò sí obìnrin oníirú kan tí yóò gbà kí a sọ pé kòkòrò wà nínú irú òun, nítorí pé ìdin ni ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rò, ọjà rẹ̀ yóò sì kú. Bakan náà ni bakitéríà tí ń gbé inú àwọn kókó kéékèèké ara gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà, tí ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ wá sí ilẹ̀. Àgbẹ̀ ti ń jẹ àǹfààní wọn láti ayébáyé, àwa sì ń fi orúkọ ọ̀tá pè wọ́n.

Àbá wa ni pé kí *ẹ̀dá àìfojúrí* jẹ́ orúkọ gbogbogbòò fún gbogbo irú ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí, kí *bakitéríà* sì dúró bí ọ̀rọ̀ àyálò fún irú kan yìí. Àwọn kan kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àyálò. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà tí a ń gbìn tí a sì ń jẹ, ọ̀rọ̀ àyálò ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàáfíà tí a ń fi kí ara wa. Ọ̀rọ̀ àyálò tí kò ní ìtàn burúkú lẹ́yìn sàn ju ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ tí ó ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ lọ.

4. Ìdí tí *àtúnṣe* kò fi yẹ

Àdàpè olè ni ọmọ ń fẹ́wọ́. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ohun ẹlẹ́mìí tí a yí àbùdá rẹ̀ padà, ìhà méjì ni àdàpè ti máa ń wá. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kí a tẹ́wọ́ gbà á yóò pè é ní ohun tí a ṣe àtúnṣe sí. Àtúnṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó bá sọ ọ́ ti dá ẹjọ́ pé nǹkan náà ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ tàbí pé ó ti wá dára sí i. Àwọn tí wọn kò fẹ́ ẹ yóò pè é ní ayédèrú, àwọn náà sì ti dá ẹjọ́ tiwọn. Àgbẹ̀ tí ó yẹ kí ó fúnra rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò kò rí nǹkankan yẹ̀ wò mọ́, nítorí pé ìdájọ́ ti wà nínú orúkọ.

Ọ̀rọ̀ kẹta tí a lè rò ni *àtúndá*. Ìwúwo rẹ̀ pọ̀ jù. *Dá* ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá, Àtúndá sì ni orúkọ ẹrú tí ìtàn sọ pé ó yí òkúta lu Òrìṣà-ńlá. Àwọn onímọ̀ yìí kò dá bakitéríà, jíìnì ni wọ́n so mọ́ bakitéríà tí ó ti wà.

A dábàá *àfọwọ́yí*. Ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá rẹ̀ kò ṣàjèjì, nítorí a ní àfọwọ́kọ, a ní àfọwọ́fà, a sì ní àfọwọ́rá. Nínú gbogbo wọn, *ọwọ́* ń sọ fún wa pé ènìyàn ni ó ṣe é, pé kì í ṣe ohun tí ó ṣàdédé ṣẹlẹ̀. Ibi tí agbára ọ̀rọ̀ náà wà nìyẹn. Bakitéríà àfọwọ́yí kò sọ pé nǹkan náà dára, kò sì sọ pé ó burú. Ó sọ pé ọwọ́ kan wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ lè béèrè pé: Ọwọ́ ta ni? Kí ni wọ́n yí? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá kọjá ààlà oko mi sí ti ẹlòmíràn?

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ní oṣù Kẹrin 1987, wọ́n fọ́n bakitéríà kan tí a ti yọ jíìnì kan kúrò lára rẹ̀ sí oko èso ní California, kí òtútù yìnyín má baà tètè ba irúgbìn jẹ́. Iṣẹ́ Steven Lindow ni ó bí i. Àwọn alátakò wọ oko náà, wọ́n sì fa àwọn irúgbìn kan tu. Òṣìṣẹ́ tí ó fọ́n ọn wọ aṣọ ìdáàbòbò tí ó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn oníròyìn sì ya àwòrán rẹ̀. Ẹnu sọ fún àwọn ará ìlú pé kò léwu, aṣọ sì sọ òdìkejì. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti ṣe tààrà, nǹkan mìíràn ni àwọn ènìyàn yóò kà.

5. Ìdí tí *òṣùwọ̀n* kò fi yẹ

Èyí ni ó ṣe pàtàkì jù lójú wa, nítorí pé owó àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó rọrùn jù láti sọ nípa bakitéríà yìí ni pé òṣùwọ̀n ni, pé ó ń wọn ilẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í jẹun, kì í sì í kú. Bakitéríà ń ṣe méjèèjì. Kì í sọ iye èròjà tí ó wà nínú oko, ohun tí ó ń sọ ni èyí tí ó kàn án lára níbi tí ó wà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, bí oòrùn bá mú jù, tàbí bí àwọn bakitéríà mìíràn bá pa á jẹ, yóò dákẹ́. Ìdákẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ pé èròjà kò sí, ó sì lè jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni kò sí mọ́.

Àǹfààní wà nínú àìpé yìí pẹ̀lú. Nínú ilẹ̀ pupa tí irin àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kí àwọn wọ̀nyí dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tí gbòǹgbò kò fi ní lè rí i lò. Ó dà bí owó tí ó wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Òṣùwọ̀n tí ó bá ka gbogbo owó inú àpótí yóò sọ pé ọlọ́rọ̀ ni àgbẹ̀. Bakitéríà, tí òun náà ń wá oúnjẹ, yóò sọ pé ebi ń pa á. Nínú àwọn méjèèjì, ọ̀rọ̀ bakitéríà ni ó sún mọ́ ti gbòǹgbò jù.

Ohun tí ó ní ìmọ̀lára, tí ó wà níbẹ̀, tí ó sọ ohun tí ó ṣojú rẹ̀, tí ó sì lè ṣàṣìṣe, ẹlẹ́rìí ni à ń pè é. A dábàá *ẹlẹ́rìí-ilẹ̀*. Àgbẹ̀ mọ bí a ti ń ṣe sí ẹlẹ́rìí. Kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo gbọ́ kí ó sì ti ibẹ̀ dìde lọ, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà ni. Yóò bi í léèrè, yóò sì pe ẹlòmíràn. Ẹni tí ó gbé òṣùwọ̀n lọ́wọ́ kì í bi òṣùwọ̀n léèrè ọ̀rọ̀.

Àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn sì ti wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ilẹ̀ tí èkan ti gbà ti rẹ̀, pé ibi tí ìgbẹ́ ekòló pọ̀ sí lọ́ràá, pé ilẹ̀dú yàtọ̀ sí ilẹ̀ oníyanrìn. Nígbà tí Smyth àti Montgomery ṣe ìwé wọn lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà jáde ní 1962, orúkọ àwọn ìlú wa ni wọ́n fi pe oríṣiríṣi ilẹ̀ náà: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Àpòmù, Ìtagunmodì, Oǹdó. Bí ilẹ̀ wa bá lè fi orúkọ wa wọ inú sáyẹ́ǹsì, ó yẹ kí sáyẹ́ǹsì náà lè fi èdè wa padà wá sí orí ilẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá yan ọ̀rọ̀ tí kò tọ́. Ajílẹ̀ tí a mọ̀ sí 15-15-15 ní èròjà mẹ́ta ní ìpín kan náà nínú. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe aláìní ẹyọ kan nínú wọn yóò san owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìrètí tí a ní lórí ẹlẹ́rìí-ilẹ̀ ni pé yóò gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún un pé òṣùwọ̀n ni, tí ó sì gba ìdákẹ́ bakitéríà tí ó ti kú bí iye tí a ti wọ̀n parí, yóò tún ra ohun tí kò nílò, tàbí kí ó má ra èyí tí ó nílò.

6. Àwọn àtakò

(i) Ẹnìkan lè sọ pé ènìyàn ni ẹlẹ́rìí, pé bakitéríà kì í ṣe ènìyàn. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ ní èdè wa. Pèrègún tí a gbìn sí ààlà oko ni a máa ń tọ́ka sí bí ẹlẹ́rìí nígbà tí ìjà ilẹ̀ bá dé. Àgbẹ̀ tí ó gba ẹ̀rí igi kò ní ṣòro fún láti gba ti bakitéríà.

(ii) Ẹlòmíràn lè sọ pé kí a fi irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti dáhùn èyí. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ẹ̀kọ́, tí sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, kò rẹ̀yìn, wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Bí ọmọdé bá lè fi Yorùbá mọ sáyẹ́ǹsì, kí ni yóò dí àgbàlagbà lọ́wọ́?

(iii) Àwọn kan yóò ní kí a dúró de ìgbìmọ̀. A kò kọ ìgbìmọ̀. Ìwé *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 fi hàn pé iṣẹ́ ìgbìmọ̀ lè dára, ó sì lè tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n akéde orí rédíò tí ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti ka ìròyìn kì í dúró de ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni yóò lò, ọ̀rọ̀ náà ni yóò sì dúró.

7. Ìkádìí

Òfin tí ó dá àjọ tí ń mójú tó ààbò lórí irú àwọn ohun ẹlẹ́mìí báyìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti 2015, a sì tún un ṣe ní 2019. Nàìjíríà sì wà nínú Àdéhùn Cartagena ti 2000, èyí tí Abala 23 rẹ̀ ní kí ìjọba máa la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀, kí ó sì máa fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n kí ó tó ṣe ìpinnu lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A kò lè fi ọ̀rọ̀ lọ ẹni tí a kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí a ó fi lọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ pé ṣé ó gbà kí a da kòkòrò tí a ṣe àtúnṣe sí sínú ilẹ̀ rẹ̀ kí ó máa wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tí ó bá dáhùn kò já mọ́ nǹkankan, nítorí pé ohun tí wọ́n bi í kọ́ ni ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Nítorí náà, a gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin kalẹ̀ fún àyẹ̀wò àwọn ẹlẹgbẹ́ wa: *ẹ̀dá àìfojúrí*, *bakitéríà*, *àfọwọ́yí* àti *ẹlẹ́rìí-ilẹ̀*. A kò sọ pé kò sí èyí tí ó dára jù wọ́n lọ. Ohun tí a bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má ṣe fi wọ́n mọ sí inú yàrá ìpàdé. Kí àwọn tí iṣẹ́ wọn gbé wọn dé oko sọ wọ́n létí àgbẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin, kí wọ́n sì ní kí àwọn náà fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé ohun tí wọ́n gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí àlàyé rẹ̀ bá bá iṣẹ́ bakitéríà náà mu ni kí a gbà wọlé. Èyí tí kò bá bá a mu, kí a jù ú nù, ì báà jẹ́ àwa ni a dá a.